Omi Inú Ìgò: Àgbéyẹ̀wò Ìpolongo Sáyẹ́ǹsì àti Àìgbàgbọ́

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, àwọn bọ́ọ̀sì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri ìgboro Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gàdàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé ó jọ pé kò sí Ọlọ́run, kí aráàlú yé dààmú, kí wọ́n máa jayé orí wọn. Òǹkọ̀wé aláwàdà kan, Ariane Sherine, ló dá a sílẹ̀. Ó ti rí ìpolówó àwọn Kristẹni kan lára bọ́ọ̀sì, ó wo àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ síbẹ̀, àfi gbàgà tó kan ọ̀run àpáàdì. Ni inú bá bí i. Owó tó ń wá kò ju £5,500 lọ. Èyí tó wọlé lé ní £150,000, bọ́ọ̀sì tó sì gbé ọ̀rọ̀ náà kiri gbogbo Britain tó 800. Ní Southampton, awakọ̀ kan tó jẹ́ Kristẹni dé ẹnu iṣẹ́, ó wo bọ́ọ̀sì tí wọ́n fún un, ó ní òun kò ní wà á, ó sì padà sílé rẹ̀.

Mo máa ń fojú inú wo bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ tó ń gba Peckham kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí àwọn ìyá wa wé gèlè sínú rẹ̀, tí Bíbélì wà lórí itan wọn. N kò rò pé ẹnì kan nínú wọn á torí ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ ni wọ́n wọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ.

Àwọn tó ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n fi ẹ̀sìn sílẹ̀, kí wọ́n di sáyẹ́ǹsì mú, ti lo àádọ́jọ ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀. Mo ti ka púpọ̀ nínú ìwé wọn, mo sì gbádùn àwọn kan. Àmọ́ bí mo ṣe ń kà wọ́n tó ni mo ń rí i pé ẹrù méjì ni wọ́n di papọ̀ mọ́ ara wọn. Èkíní ni pé kí èèyàn yẹ ọ̀rọ̀ wò kó tó gbà á. Èkejì ni pé kò sí Ọlọ́run. Wọ́n á ní ẹrù kan náà ni. Ó dá mi lójú pé kì í ṣe ọ̀kan, àti pé níbi tí ẹnì kan bá ti tú ìdì náà, èkíní ni àwọn èèyàn ń yára gbé.

Èdè Yorùbá pàápàá ti sọ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò méjì tó ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀, lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn wa, wọ́n ń bi wọ́n ní ìbéèrè lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín "mo mọ̀" àti "mo gbà gbọ́", wọ́n sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1986. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé ẹni tó bá ní òun mọ nǹkan gbọ́dọ̀ ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un, ì báà jẹ́ bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́, ó gbọ́ ọ, ó sì gbà á ni: ìgbàgbọ́ nìyẹn. Ẹ wá fi òṣùwọ̀n yìí wo ohun tí a kọ́ níléèwé. Ayé ń yí oòrùn po: ta ló rí i nínú wa? Olùkọ́ ló wí, ìwé ló wí. Lójú Yorùbá tó bá dúró ti èdè rẹ̀, ààfáà, pásítọ̀ àti olùkọ́ físíìsì jọ wà lórí ìlà kan náà títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi ní, "Ẹ wá wò ó."

Orúkọ ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ gan-an ń fún wa ní wàhálà. "Onígbàgbọ́" ti di orúkọ ọmọ lẹ́yìn Jésù. "Kèfèrí" ti ọ̀dọ̀ Lárúbáwá wá, ẹni tó ń bọ òrìṣà la sì sọ ọ́ dà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń bọ òrìṣà kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé Olódùmarè kò sí. "Aláìgbọlọ́rungbọ́" wà nínú ìwé, ó gùn bí ojú irin. Ẹ lọ pè é ní ọjà Bódìjà kí ẹ wo bí wọn yóò ṣe wò yín. Ohun tí èèyàn wa máa sọ ni pé "kò gbà pé Ọlọ́run wà", wọ́n á sì fi kún un wẹ́rẹ́ pé, "Ṣé ara ẹ̀ yá ṣá?"

Níléèwé girama tí mo lọ, máíkíróskóòpù kan ṣoṣo la ní. Olùkọ́ bíólọ́jì wa ni kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alàgbà ni nínú ìjọ Aládùúrà kan, ọjọ́ Ẹtì kì í dára fún un láti pẹ́ níléèwé nítorí ìsọjí. Ó dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú omi nínú ìgò Fanta, ó kán ẹ̀kán kan sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó ní ká tò. "Ẹ má tì í o. Ẹ di ojú kan." Nígbà tó kàn mí, ìpéǹpéjú ara mi ni mo kọ́kọ́ rí. Olùkọ́ na ọwọ́ kọjá létí mi, ó yí nǹkan kan díẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì là. Ohun kan tó rí bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ń lọ síwá sẹ́yìn, ara rẹ̀ mọ́ gaara, irun wínníwínní yí i ká, ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kánkán. Òmíràn tún ń pòyì lẹ́bàá rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo wa wò ó tán ni olùkọ́ sọ ibi tó ti pọn omi náà: ìsun tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ibi tí wọ́n ti ń pọn omi ìyè. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ máa ń fún un mu lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́. Olùkọ́ kò sọ nǹkan kan nípa Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ká má lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ẹ ti rí i," ó sì ti àpótí rẹ̀ pa. Gbogbo ohun tí mo ti kà láti ìgbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ ìgò Fanta yẹn ni mo ń gbé e sí.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìpolongo yìí ti kọ́kọ́ di ti ìgboro. Ní 1842, wọ́n sọ George Holyoake sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí èsì tó fún ẹnì kan tó bi í léèrè nípa Ọlọ́run lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀ tán ní Cheltenham. Ọdún 1859 ni Darwin gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí bí ẹ̀dá abẹ̀mí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ọdún yẹn kan náà ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn l'Ábẹ́òkúta. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti ronú sí i: àwọn míṣọ́nnárì ń kọ́ wa ní Jẹ́nẹ́sísì níhìn-ín, àwọn ará ilé wọn sì ń fi Jẹ́nẹ́sísì jà lọ́hùn-ún, a kò sì gbúròó ìjà náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni T. H. Huxley àti Bíṣọ́ọ̀bù Wilberforce kojú ara wọn ní Oxford lórí ìwé Darwin. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń gbàgbé pé Huxley kò fìgbà kan sọ pé òun mọ̀ pé Ọlọ́run kò sí. Ní 1869 ló dá ọ̀rọ̀ kan tó wá di orúkọ sílẹ̀ fún ẹni tó ní òun kò mọ̀, tí kò sì ní dẹ́nu lé ohun tí kò mọ̀. Hallen àti Sodipo ìbá ti fún un ní máàkì tó pé.

Charles Bradlaugh ni ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Àwọn ará Northampton dìbò yàn án sílé aṣòfin ní 1880. Torí pé kò gba Ọlọ́run gbọ́, wọ́n ní kò gbọdọ̀ búra, wọ́n tún ní kò gbọdọ̀ jókòó láìbúra. Wọ́n lé e, ìlú tún yàn án padà. Wọ́n tún lé e, wọ́n tún yàn án. Ọdún 1886 ni wọ́n tó jẹ́ kó jókòó, nígbà tó sì di 1888 òfin dé pé ẹni tó bá wù lè jẹ́jẹ̀ẹ́ láìdárúkọ Ọlọ́run. Ohun tó jà fún kò tóbi lójú, ṣùgbọ́n ó wúlò títí dọ̀la. Bí ẹ bá wọ kọ́ọ̀tù ní Nàìjíríà lónìí, ẹ ó rí i pé Kristẹni ń di Bíbélì mú, Mùsùlùmí ń di Kùránì mú, oníṣẹ̀ṣe ń fẹnu kan irin Ògún, ẹni tí kò fẹ́ ìkankan náà sì lè jẹ́jẹ̀ẹ́ lásán.

Láàárín 2004 sí 2007 ni ìwé àwọn mẹ́rin kan tún gba ìgboro kan: Sam Harris, Daniel Dennett, Richard Dawkins àti Christopher Hitchens. N kò ní pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Dawkins mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé bíólọ́jì ju bó ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹlẹ́sìn sọ̀rọ̀ lọ. Ìwé rẹ̀ ti 1976 lórí jíìnì ṣì ń dùn mọ́ mi, èyí tó kọ lórí Ọlọ́run ní 2006 dà bí ẹni tó ń bá ọ̀tá tí kò sí níwájú rẹ̀ wí. Hitchens mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tó bá ti wà lẹ́yìn wọn tẹ́lẹ̀ ló ń pàtẹ́wọ́ jù.

Rọ́ṣíà ni ibi tí ìpolongo náà ti rí agbára ìjọba lò. Ẹgbẹ́ àwọn ajagun aláìgbọlọ́rungbọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1925, wọ́n ní ìwé ìròyìn, wọ́n ní olùkọ́, wọ́n ní ọlọ́pàá lẹ́yìn. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1931, wọ́n fi àdó olóró fọ́ kàtídírà ńlá kan ní Mọ́síkò túútúú. Nígbà tó di 1937, wọ́n ka àwọn èèyàn ìlú, wọ́n sì bi wọ́n bóyá wọ́n ní ẹ̀sìn. Ju ìdajì àgbà lọ ló dáhùn pé àwọn gba Ọlọ́run gbọ́, lọ́dún tí ẹnu lásán ń pa èèyàn! Stalin fagi lé ètò ìkànìyàn náà, wọ́n kó àwọn tó ṣe é, wọ́n sì yìnbọn pa nínú wọn. Ohun tó yẹ kí àwọn onípolongo òde òní máa rántí ju èyí lọ ni ọ̀rọ̀ Nikolai Vavilov. Ọkùnrin yìí kó irúgbìn jọ láti gbogbo ayé kí ìyàn má baà pa ìlú rẹ̀. Alátakò rẹ̀, Trofim Lysenko, ní irọ́ làwọn jíìnì, ìjọba sì gbè sẹ́yìn Lysenko. Wọ́n mú Vavilov ní 1940, ó kú sẹ́wọ̀n Saratov ní 1943. Kò sí àlùfáà nínú àwọn tó ṣe é. Ìjọba tó ní òun ń fi sáyẹ́ǹsì lé Ọlọ́run jáde ló gbá sáyẹ́ǹsì lójú bẹ́ẹ̀.

Amẹ́ríkà yàtọ̀, kọ́ọ̀tù àti tẹlifíṣọ̀n ni pápá ìjà wọn. Gbogbo èèyàn ló mọ ẹjọ́ Scopes ti 1925 ní Dayton, níbi tí wọ́n ti bu owó ìtanràn $100 lé olùkọ́ kan lórí pé ó kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ Darwin. Ẹjọ́ Dover ti 2005 ní Pennsylvania ló wúlò fún ọ̀rọ̀ tiwa. Ìgbìmọ̀ iléèwé fẹ́ kí wọ́n máa kì ọwọ́ Ẹlẹ́dàá bọ inú ẹ̀kọ́ bíólọ́jì lábẹ́ orúkọ mìíràn, àwọn òbí sì pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹlẹ́rìí kìíní tí àwọn òbí náà pè ni Kenneth Miller, onímọ̀ bíólọ́jì tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì tí kò fi bò. Ààrẹ Bush tó ń pe orúkọ Jésù ló fi adájọ́ náà sípò. Sáyẹ́ǹsì jàre, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ní kí ìlú Dover yé gbàdúrà.

Tẹlifíṣọ̀n ni ti Peter Popoff. Ajíhìnrere ni, tó máa ń dúró láàárín èrò, tó máa pe orúkọ ẹni tí kò rí rí, tó máa sọ òpópónà tó ń gbé àti àrùn tó ń ṣe é, tí gbogbo gbọ̀ngàn yóò sì mì tìtì. Ní 1986, James Randi, onídán tó sọ ara rẹ̀ di ọ̀tá onídán tó ń purọ́, mú àwọn èèyàn rẹ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú rédíò tó ń tú afẹ́fẹ́. Lórí 39.17 megahertz ni wọ́n ti gbọ́ ohùn obìnrin kan: ìyàwó Popoff ni, ó ń ka káàdì àdúrà tí àwọn èèyàn ti kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ń gbọ́ ọ nínú ohun kékeré tó kì bọ etí. Randi gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sórí ètò tẹlifíṣọ̀n Johnny Carson. Orúkọ àti ohùn ló fi hàn, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí Bíbélì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Popoff wọ gbèsè. Ó padà dé o. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó tún wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń fi omi ìyanu inú ọ̀rá kékeré ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn. Tí mo bá ń sọ pé fífi hàn ló ń ṣiṣẹ́, n kò sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ títí ayé.

Wọ́n tún ti gbé àdúrà fúnra rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Aláìsàn 1,802 tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún ni àwọn dókítà pín sí ọ̀nà mẹ́ta, èsì sì jáde ní 2006. Àwọn tí wọ́n gbàdúrà fún láìjẹ́ kó dá wọn lójú, 52 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìṣòro lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àwọn tí wọn kò gbàdúrà fún, 51. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé a ń gbàdúrà fún yín, 59. Àwọn onípolongo gbé èyí kiri bí ife ẹ̀yẹ. Èmi kì í fi í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìyá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta yàrá iṣẹ́ abẹ kò wá ìdá ọgọ́rùn-ún wá síbẹ̀.

Ní Índíà ni mo ti rí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù. Abraham Kovoor, ọmọ Kerala tó kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ewéko ní Sri Lanka, gbé rupee 100,000 kalẹ̀ ní 1963 fún ẹnikẹ́ni tó bá lè ṣe iṣẹ́ ìyanu níbi tí ojú ti lè rí i láìsí màkàrúrù. Kò sẹ́ni tó gbà á. Basava Premanand tẹ̀ lé e, ó ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo ohun tí àwọn ẹni mímọ́ ń ṣe: eérú tó ń jáde látinú àtẹ́lẹwọ́, iná káńfọ̀ tí wọ́n gbé lé ahọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀, ó máa ní kí ọmọdé kan bọ́ síwájú, kí òun náà ṣe é. Narendra Dabholkar ní tirẹ̀ fi iṣẹ́ dókítà sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Maharashtra ní 1989, ó sì ń bẹ ìjọba fún ọdún pípẹ́ pé kí wọ́n ṣe òfin tí yóò mú àwọn tó ń fi iṣẹ́ ìyanu ayédèrú lu tálákà ní jìbìtì. Ó tẹnu mọ́ ọn pé òfin náà kò ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú. Láàárọ̀ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2013, ó ń nasẹ̀ ní Pune, àwọn kan yìnbọn pa á. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ìjọba fọwọ́ sí àṣẹ tí wọ́n ti ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la lé lórí láti ọdún pípẹ́ wá.

Nílé wa ńkọ́? Ìjà sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀sìn wà nílẹ̀ Yorùbá kí a tó gbọ́ orúkọ Dawkins, àárín onígbàgbọ́ méjì ló sì ti wáyé. Ní 1918, àjàkálẹ̀ influẹ́ńsà dé. Àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti máa gbàdúrà, wọ́n kọ oògùn, wọ́n ní Ọlọ́run nìkan ló ń wòsàn. Ká sòótọ́, dókítà pàápàá kò ní oògùn gidi fún àrùn yẹn lọ́dún náà. Ẹni tó bá fojú rí ohun tí wọ́n rí kò gbọdọ̀ yára pè wọ́n ní òmùgọ̀. Láti ara wọn ni ìjọ Aládùúrà ti gbilẹ̀ títí dé ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Iléṣà ní 1930. Lẹ́yìn náà ni àwọn míṣọ́nnárì dé láti Britain láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn òyìnbó náà ń gbàdúrà fún aláìsàn, àmọ́ wọ́n ń mu kuiníìnì kí ibà má baà pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Kuiníìnì yẹn wà lára ohun tó pín ìjọ náà sí méjì, tí Christ Apostolic Church fi dá dúró. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí aláìgbọlọ́rungbọ́ kankan nínú ìjà yìí.

Táí Ṣólàrín ni aláìgbọlọ́rungbọ́ tí Yorùbá mọ̀ jù, mo sì lè sọ pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ìbejì, ó ti kàwé ní Wesley College n'Íbàdàn, ó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi ipò ọ̀gá Molusi College sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, òun àti ìyàwó rẹ̀ Sheila sì dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956. Kò sí ilé àdúrà níbẹ̀, kò sí orin ìsìn láàárọ̀. Oko wà, ọmọ sì ń ro ó. (Ọkọ̀ ojú omi tó fi sọ iléèwé náà lórúkọ, àwọn tó ń wá àyè sin Ọlọ́run bó ṣe wù wọ́n ló kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620. Bóyá ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó mú orúkọ náà.) Ó máa ń kọ ohun tó rò nípa ẹ̀sìn sínú ìwé ìròyìn láìfi bọpo bọyọ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò kúkúrú rẹ̀ lára. Síbẹ̀ àwọn bàbá ìjọ àti àwọn alhájì ń mú ọmọ wọn wá fún un. Kì í ṣe nítorí pé ó bá wọn jiyàn borí. Wọ́n rí ọmọ aládùúgbò tó lọ, wọ́n rí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tó dé. Ó kú ní 1994, àwọn èèyàn kò sì yé dárúkọ rẹ̀ dáadáa. Wọlé Ṣóyínká náà ní òun kì í ṣe ẹlẹ́sìn kankan, ẹgbẹ́ àwọn Humanist àgbáyé sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní 2014. Àgbàlagbà wa ni síbẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ti Mubarak Bala ní Kánò. Nígbà tó sọ ní 2014 pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́, àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Wọ́n mú un ní 2020 nítorí ohun tó kọ sórí Facebook, kọ́ọ̀tù Kánò sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 24 fún un ní 2022. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ ọ́ di ọdún 5 ní 2024, ó sì jáde ní 2025. Ẹni tó ní ó yẹ kí Bala ti dákẹ́ kò gbọ́ mi yé. Ohun tí Holyoake sọ ní 1842 ló sọ, ohun tí wọ́n sì kọ sára bọ́ọ̀sì láìbẹ̀rù ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àwọn tó ń gbé ìwé Dawkins kiri ní Oxford yẹ kí wọ́n mọ ohun tó ń ná ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ìlú Kánò yẹn kan náà ló tún kọ́ mi ní nǹkan kan. Ní 2003, wọ́n dá abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró níbẹ̀, wọ́n ní ó ń sọ ọmọ di àgàn. Ọ̀rọ̀ òpè ni, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wí. Wọ́n gbàgbé pé ní 1996, ilé iṣẹ́ Pfizer kó 200 ọmọ Kánò sínú ìdánwò oògùn kan nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn, 11 nínú wọn sì kú. Àwọn òbí kò gbọ́ ìyẹn lásán, ojú wọn ló ṣe. Nígbà tí wọ́n gba àjẹsára padà ní 2004, láti Indonéṣíà, ilẹ̀ Mùsùlùmí, ló ti wá, àwọn ọba àti ààfáà sì wà lára àwọn tó bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà á. Ní oṣù Kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé ẹ̀yà rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tó ń wá fúnra rẹ̀ ti tán ní Áfíríkà. Kò sí ẹni tí wọ́n ní kó kọ Ọlọ́run sílẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó lè rìn.

Mo tẹ olùkọ́ bíólọ́jì mi láago lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ohùn wọn ti fúyẹ́. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rántí ìgò Fanta. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè tí mi ò lè bi wọ́n nígbà yẹn: ṣé àwọn náà ṣì ń mu omi ìyè?

"Mò ń mu ún dáadáa," ni wọ́n wí. "Mo máa ń sè é ná, kí n tó gbé e fún wọn láti gbàdúrà sí i."